Títún Ọwọ́ Kọ́ Láti Ọ̀nà Jíjìn: Àrùn Parkinson ní Kútọ̀nù

Títún ọwọ́ kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ni ìtọ́jú tí onímọ̀ ìṣègùn fi ń tọ́ apá àti ọwọ́ aláìsàn sọ́nà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ wà nínú yàrá kan náà. Nínú àrùn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine ń kú díẹ̀díẹ̀, àṣẹ tí ọpọlọ ń fún iṣan a wá máa falẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni àrùn náà sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ọwọ́ ọ̀hún a máa gbọ̀n nígbà tí kò bá ṣe nǹkan kan, gbígbọ̀n yìí sì ni gbogbo ènìyàn ń rí, ṣùgbọ́n ìlọ́ra àti líle iṣan ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bọ́tìnnì kò ní wọ ihò mọ́, òkèlè a máa bọ́ lọ́wọ́, ìwé kíkọ a sì máa wẹ́ sí i kí ìlà kan tó parí. Ní Èbúté Kútọ̀nù ní orílẹ̀-èdè Benin, ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́ rọ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó ń buwọ́ lu ìwé ẹrù dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń la ẹja ní apá ibi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Níbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ́ra lè pàdánù iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé àrùn yìí kò pọ̀ láàrin wa. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò àwọn ará Igbó-Ọrà ní Nàìjíríà láti ilé dé ilé, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Copiah County, Mississippi, ní Amẹ́ríkà. Nínú ìròyìn ọdún 1988, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò ìyàtọ̀ ọjọ́ orí, 67 nínú 100,000 ni ti Igbó-Ọrà, 341 ni ti Mississippi. Ṣùgbọ́n ìṣírò ìgbà yẹn kò lè jẹ́ òdiwọ̀n fún òní. Àwọn tó ń dàgbà kọjá ọgọ́ta ọdún ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ni wọ́n sì ti fi ogbó tàbí aráyé ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ láì gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2023, ìwádìí kan tí onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ Njideka Okubadejo ti Èkó wà lára àwọn tó darí rẹ̀ rí ìyípadà kan nínú àbùdá GBA1 tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláìsàn tó jẹ́ ìran Áfíríkà, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn ará Yúróòpù. Àrùn tó ní ojú ti wa báyìí kì í ṣe àrùn àjèjì.

Kí ni ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn wá lè ṣe? Ní Slovenia, ìwádìí ọdún 2018 kó aláìsàn 28 jọ, 17 ní ilé ìwòsàn, 11 nílé ara wọn. Eré orí kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ fi ń gbé nǹkan onígun mẹ́rin láti ibì kan sí ibòmíràn ni gbogbo wọn ṣe, ó sì ṣeé ṣe fún àwọn tó wà nílé láti ṣe é, oníṣègùn ń tọ́ wọn sọ́nà láti òkèèrè. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni ti Switzerland lọ́dún 2017: nínú aláìsàn 103, àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ ọmọ ìka ní iṣẹ́ wẹ́wẹ́ nílé rí i pé ọwọ́ wọn yá sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejìlá, àǹfààní náà ti lọ. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rí yìí tako ìtọ́jú ilé. Èmi rò pé òdìkejì ni. Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fúnni tí dídáwọ́dúró sì gbà padà ń béèrè ẹni tí yóò máa tẹ̀lé aláìsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì sí ilé ìwòsàn tó lè máa pe aláìsàn kan wá bẹ́ẹ̀. Títẹ̀lé aláìsàn láì dáwọ́ dúró ni iṣẹ́ tí fóònù mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, tí aláìsàn 195 kópa nínú rẹ̀, rírí dókítà lórí fídíò dín nǹkan bíi ìṣẹ́jú 88 àti 60 kìlómítà kù nínú ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú ìgbé ayé aláìsàn sàn ju ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn CNHU-HKM ní Kútọ̀nù láti Ṣábẹ̀ẹ́ yóò rin ohun tó lé ní 200 kìlómítà ní àlọ nìkan. Ti Parakou lé ní 400.

Àtakò tó wúwo jù ni ti íntánẹ́ẹ̀tì. Etí òkun Kútọ̀nù kan náà tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni wáyà abẹ́ òkun SAT-3 àti ACE ti wọ ilẹ̀ Benin, nígbà tí àwọn wáyà wọ̀nyí sì bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìsopọ̀ Benin dẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ìtọ́jú tó gbára lé fídíò ojú-kojú yóò dákú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò nílò fídíò ojú-kojú lójoojúmọ́. Fídíò kúkúrú tí a ti gbà sórí fóònù, ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní Fọ̀n, Gùn tàbí Yorùbá, àti ìpè kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ohun èlò kò sì wọ́n: ṣíṣa àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan, dídì àti títú okùn, kíkọ lẹ́tà ńlá, bọ́tìnnì. Mo tilẹ̀ rò pé ọpọ́n ayò yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí kíkó ọmọ ayò àti pípín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sún mọ́ àyẹ̀wò tí àwọn oníṣègùn ń fi igi wẹ́wẹ́ àti ihò mẹ́sàn-án ṣe. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Benin: lọ́dún 2014 ni wọ́n tẹ ABILOCO-Benin jáde, ìbéèrè tí a tún ṣe láti fi wọn bí àwọn tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe ń rìn ní ilẹ̀ náà.

Ohun méjì wà tí fóònù kò lè ṣe. Kò lè fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ kó mọ bó ṣe le tó, nítorí náà ọwọ́ oníṣègùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan aláìsàn lójúkojú, kí oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, tí wọ́n ń pè ní kiné ní Kútọ̀nù, sì máa rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Kò sì lè rọ́pò oògùn àrùn náà, levodopa. Eré ọwọ́ nígbà tí agbára oògùn ti tán lára dà bí wíwa ọkọ̀ tí epo rẹ̀ ti gbẹ, nítorí náà wákàtí tí oògùn ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kí a fi kọ́ ọwọ́. Fún ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára dé ibi pé ó ń ṣubú tàbí pé iyè rẹ̀ ń rá, ìtọ́jú orí fóònù láìsí ará ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léwu, ọ̀dọ̀ ará ilé yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ oníṣègùn ti bẹ̀rẹ̀.