Gìtá Béèsì Tó Bá Ọwọ́ Mu: Ìtàn James Jamerson

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá earphone yín. Spíkà kékeré inú fóònù kì í gbé ohun tí a fẹ́ gbọ́ lónìí jáde. Ẹ wá orin "My Girl" tí ẹgbẹ́ The Temptations gbé jáde lọ́dún 1964, kí ẹ fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ohùn kan ti wà nísàlẹ̀: ó wúwo, ó rọlẹ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń ti ọjà bọ̀. Gìtá béèsì nìyẹn. James Jamerson ló ń ta á.

Ìbéèrè kan ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá máa ń béèrè: irú béèsì wo ni kí n rà? Wọn á dárúkọ ilé iṣẹ́, wọn á dárúkọ owó. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ayé ń fi ohùn béèsì wọn ṣe àwòkọ́ṣe. Gìtá tí wọ́n lò kì í sábà jẹ́ èyí tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ gbé jáde pé òun ló dára jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Orin nílò ohùn ìsàlẹ̀ tí ìyókù máa dúró lé. Nínú àpàlà Haruna Iṣọla, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 1950, béèsì onígi ńlá ni, èyí tó ga ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, tí wọ́n ń gbé nàró bí ẹni gbá ènìyàn mọ́ra. Láti gbé e sínú ọkọ̀, wàhálà ni. Tí fèrè àti ìlù bá sì ti gbóná, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ọrùn rẹ̀ kò ní fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, nítorí náà bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ohùn ti ṣì.

Paul Tutmarc ti ṣe béèsì oníná tó ní fret ní ìlú Seattle láàárín àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Leo Fender ló jẹ́ kó gbajúmọ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe onígìtá rárá o. Rédíò ló ń tún ṣe ní Fullerton, ní California. Lọ́dún 1951 ó gbé Precision Bass jáde. Orúkọ náà kò fara sin: pẹ̀lú fret, ohùn tí o wá náà ni wàá bá, géérégé. Ó fi gígùn okùn rẹ̀ sí ínṣì 34, ìwọ̀n yẹn sì ni ọ̀pọ̀ béèsì ṣì ń tẹ̀lé títí dòní. Ó ṣeé gbé kọ́ èjìká, ó sì ṣeé so mọ́ amplifier. Lọ́dún 1960 ni Jazz Bass tẹ̀lé e. Ọrùn ti ìyẹn tín-ín-rín sí i níbi orí, pickup rẹ̀, ìyẹn mágnẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ìgbọ̀nrìrì okùn di iná, sì jẹ́ méjì. Àtìgbà yẹn ni olórin ti ní láti yàn.

Wọ́n bí Jamerson lọ́dún 1936 ní South Carolina. Ọ̀dọ́ ló ṣì jẹ́ nígbà tó dé Detroit, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ béèsì onígi ní iléèwé. Jáàsì ló kọ́kọ́ ń ta kiri àwọn ilé ijó. Berry Gordy dá ilé iṣẹ́ tó wá di Motown sílẹ̀ lọ́dún 1959, Jamerson sì di ọ̀kan lára àwọn olórin tó ń ṣiṣẹ́ nínú sítúdíò kékeré tí wọ́n ṣe sínú ilé gbígbé kan níbẹ̀. The Funk Brothers ni wọ́n ń pe ara wọn.

Nígbà tó gbé béèsì onígi jù sílẹ̀ tó mú ti oníná, kò yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Precision Bass ọdún 1962 ni gìtá rẹ̀ tó lókìkí jù. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń fa okùn rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ìka náà ní The Hook, nítorí ó rí bí ìwọ̀. Okùn gìtá náà ga kúrò lára ọrùn, títẹ̀ ẹ́ le. Okùn La Bella tó nípọn ló fi sí i, irú èyí tí wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn lára pẹlẹbẹ, tó sì ń dán. Kì í pààrọ̀ wọn, àfi tí ọ̀kan bá já. Ó gbà pé inú ìdọ̀tí ara wọn gan-an ni adùn wà. Fóòmù tún wà lábẹ́ ìdérí onírin tó wà nídìí okùn.

Bí ẹ bá gbé irú gìtá yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí, wọn á ní kí ẹ lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Okùn pẹlẹbẹ kì í han létí bí ìka bá ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ògbó rẹ̀ ń pa ohùn tínrín òkè, ó ń ṣẹ́ ìsàlẹ̀ kù. Fóòmù náà ń gé ohùn kúrú, bí ìgbà tí onílù bá lu awọ tán tó fi ọwọ́ kejì pa á. Ohun tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlù tó ń kọrin: gbùm, ó dákẹ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìlù gidi. Gíga okùn náà kò dí ẹni tó ti bá béèsì onígi jìjàkadì láti kékeré lọ́wọ́. Ẹlòmíì ìbá dá gìtá yẹn padà fún ọlọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti Paul McCartney yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí The Beatles ń ṣeré ní Hamburg, ní Jámánì, lọ́dún 1961, ó ra Höfner kan ní nǹkan bí ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Olówó pọ́ọ́kú ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni McCartney, gìtá náà sì rí bí fayolíìnì, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ dọ́gba, kò ní burẹ́wà bó bá dojú rẹ̀ kọ òdìkejì. Ó tún fúyẹ́. Ìdí tó fi rà á kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olè gbé e ní London lọ́dún 1972, ọdún 2024 ni ayé sì gbọ́ pé ó ti padà sọ́wọ́ rẹ̀. Inú àjà ilé kan ló ti wà.

Jaco Pastorius ní tiẹ̀ ní Jazz Bass ọdún 1962 tí kò ní fret mọ́. Wọ́n ti yọ gbogbo irin náà, wọ́n dí ihò wọn, ó sì fi epoxy tí wọ́n ń fi kun ọkọ̀ ojú omi kun ọrùn rẹ̀ kí okùn má bàa jẹ igi náà. Fret tí Fender fi gbé orúkọ gìtá àkọ́kọ́ rẹ̀ ró, òun gan-an ni Jaco kò fẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kọ́kọ́ so gìtá mọ́ amplifier. Ẹ gbé e kọ́ èjìká, kí ẹ dúró pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí orí rẹ̀ bá ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ òsì yín ni yóò máa gbé e ní gbogbo ìsìn. Ẹ ta á láìsí iná. Èyí tó dún dáadáa báyẹn kì í sábà jáni kulẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá kéré, béèsì tí okùn rẹ̀ kò ju ínṣì 30 lọ wà, irú ti McCartney, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Tokunbo tí ẹnìkan ti ta fún ọdún mẹ́wàá ń dára ju tuntun lọ nígbà míì, èrò tèmi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n gìtá tó bá èèyàn mu lè má bá ìgbà mu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Motown fi ń gbé orin jáde láìkọ orúkọ àwọn tó ń lu nǹkan sára àwo. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ orúkọ Jamerson, lára "What's Going On" ti Marvin Gaye. Ní ọdún kejì ilé iṣẹ́ náà kó lọ sí Los Angeles, òun náà tẹ̀lé wọn. Àṣà ti ń yí padà níbẹ̀. Larry Graham ti ń fi àtàǹpàkò gbá okùn, àwọn tó ń ṣe orin sì ń fẹ́ okùn tuntun tó ń dún gbàgànràn. Jamerson kò pààrọ̀ tiẹ̀. Iṣẹ́ ń dín kù, ọtí sì ń pọ̀ sí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983 ló kú, ẹni ọdún 47. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni olè gbé Precision Bass náà lọ, pẹ̀lú okùn àti ìdọ̀tí ara rẹ̀. La Bella ṣì ń ta okùn tó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Gìtá náà ní tiẹ̀, wọn kò tíì rí i.