Àtúnṣe Súwíìsì Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Okun

Bí ó bá jẹ́ Kàbà ni a ti pàdé, «okun» ni n bá fi bẹ̀rẹ̀, ìkíni tí ó wá di orúkọ àpapọ̀ fún àwa Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò. Ohun tí mo fẹ́ yànnànà lónìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà á: súwíìsì iná inú ọkọ̀ àtijọ́, bí ó ṣe ń jẹ, àti bí àwọn tí a ń pè ní riwáyà ṣe ń tún un ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ti òpìtàn nínú èyí. Èsì mi ni pé ìwé ìtàn wa ti sọ ọdún tí a ṣí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó mú kí ọkọ̀ náà ṣì máa rìn lẹ́yìn ogún ọdún.

Kàbà jẹ́ ìlú tí ọ̀nà pàdé sí. Ọ̀kan gba Ọbàjánà lọ sí Lọ́kọ́ja, ọ̀kan lọ sí Òkéné, ọ̀kan gba Òmùò wọ Èkìtì, òmíràn sì gba Mopà àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Àríwá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wá sí, títí di 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀. Ní 1991 ni a bọ́ sínú Kogí. Nítorí náà, Kàdúná ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ó kàwé ti lọ ṣe iṣẹ́ ọba. Olóyè Sunday Awóníyì ti Mopà jẹ́ ẹni kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú wọn. Kàdúná yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní 1975, ọdún tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Lójú tèmi, ìdè àtijọ́ tí ó so wá mọ́ Kàdúná yìí wà lára ohun tí ó mú kí 504 tètè di ojúlùmọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ṣáájú 504, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a mọ̀. Nínú Morris Minor, ilẹ̀ ọkọ̀ ni súwíìsì tí ń rẹ iná iwájú sílẹ̀ wà, ẹsẹ̀ ni awakọ̀ sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ rò ó wò: ẹrẹ̀ tí bàtà gbé wọlé nígbà òjò, eruku pupa ìgbà ọyẹ́, orí súwíìsì yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń bà sí. Ọkọ̀ yìí náà ni ó ní apá kékeré kan tí ń nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti fi ibi tí a ń yà sí hàn, kí wọ́n tó fi iná tí ń ṣẹ́jú rọ́pò rẹ̀ ní 1961. Trafficator ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe apá náà. Apá ọ̀hún ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n tíráfíkétọ̀ ni awakọ̀ wa ń pe iná tí ń ṣẹ́jú títí di òní. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ohun èlò tí ó ti kú fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí, kí ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù riwáyà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Sítíárìn ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dá lé. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rántí iná. Fìtílà tí a ṣe fún apá òsì, bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, òsì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gòkè sí, kí ó lè ran etí ọ̀nà. Nígbà tí a bọ́ sí ọ̀tún, òsì yẹn gan-an ni ojú ẹni tí ń bọ̀ wá pàdé wa wà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí súwíìsì ṣe ń jẹ. Nínú ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ sítíárìn 504, ètè bàbà wà tí sípíríǹgì ń tì pọ̀. Nígbàkúùgbà tí ètè méjèèjì bá ya ara wọn, iná kékeré a ta láàrín wọn. Iná yìí ń jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi dúdú sílẹ̀ lójú rẹ̀. Eruku wọ̀ ọ́, ọ̀rinrin dé sí i, sípíríǹgì rọ̀. Gílóòbù méjì oníwáàtì 60, lórí bátìrì onífóòtì 12, ń fa áńpíà 10. Bí ìdíwọ́ ẹnu ètè náà bá jẹ́ ìdámẹ́wàá óòmù péré, fóòtì 1 ti sọnù kí iná tó dé fìtílà, ooru wáàtì 10 sì ń jó nínú rọ́bà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Fóòtì 1 yẹn ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ lọ. Awakọ̀ á rò pé gílóòbù ló gbó, á ra tuntun, iná kò sì ní mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóru, ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja, níbi tí lọ́rì lè kú sójú ọ̀nà láìtan iná ẹ̀yìn, ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ìdá kan nínú mẹ́rin náà.

Nígbà tí owó epo pọ̀, ẹni tí súwíìsì rẹ̀ bá jẹ a ra òmíràn. Ní 1982 ni ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ sí dí ọ̀nà ọjà òkèèrè. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní ọjà àkọ́kọ́ tí a ṣe ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ó ju náírà 4 lọ. Faransé alára ti dáwọ́ títò 504 onílé dúró ní 1983, Kàdúná ló ń tò ó lọ títí wọ ọ̀rúndún tí a wà yìí. Láàrín ìnira yìí ni iṣẹ́ riwáyà gbòòrò.

Mo ti jókòó tì wọ́n tó. Riwáyà gidi a kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì. A tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ó tó ṣí súwíìsì, nítorí sípíríǹgì rẹ̀ kò ju èékánná lọ, ó sì máa ń fò sínú iyanrìn. A fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, a fi sáńpépà kíkúnná ra ètè náà ní ìrọ̀rùn, kí ó má baà ha bàbà tán. A tẹ ètè tí ó ti sùn dìde. Bí ètè bá ti jẹ tán, a gé òmíràn lára súwíìsì tí ó ti kú, a fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo kà sí ọgbọ́n jù lọ ni rílè. Riwáyà a mú un lára ọkọ̀ tí a ti tú palẹ̀, a jẹ́ kí súwíìsì máa rán iná kékeré lọ pàṣẹ fún un, kí iná ńlá sì máa gba inú rílè láti bátìrì tààrà dé fìtílà. Súwíìsì kò ní gbóná mọ́, iná á sì mọ́lẹ̀ ju ti ìgbà tí ọkọ̀ wà ní tuntun lọ. N kò lè pe èyí ní àbùlẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ti rí àìlera nínú iṣẹ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ náà, ó sì wo ó sàn. (Bóyá Ògún onírin ni ó ni wọ́n tàbí Ṣàngó, tí ère rẹ̀ tí Ben Enwonwu gbẹ́ dúró níwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Èkó, n kò dá sí i.)

N kò yin gbogbo wọn o. Àwọn kan wà tí ń fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúùsì tí ó jó, tí wáyà wá di ẹ̀ṣọ́ tí kò sí mọ́. Nígbà tí súwíìsì bá tún gbóná, ọkọ̀ ni yóò jó. Owó ni ó fa èyí púpọ̀, àìkọ́ṣẹ́ délẹ̀ sì fa ìyókù.

Nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ òde òní, súwíìsì kàn ń fi iṣẹ́ jẹ́ fún kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀rọ ni àwọn riwáyà kékeré fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì bàjẹ́, odidi rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Àwọn tí ó mọ ti 504 ti ń darúgbó, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Ẹnu àti ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa fún ni pé kí a wá súwíìsì 504 mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ti tún ṣe, kí a kọ orúkọ ẹ̀yà wọn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí riwáyà ṣe ń pè é, kí a sì ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣí i. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo mọ̀ ní Kàbà níbi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀.