Láti Orí Windows sí Orí Linux: Ìtàn Ìjà fún Àṣẹ Lórí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtúnṣe tó máa ń ṣe déédéé sí Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ti jáde láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló lè gbà á. Ó ń béèrè fún ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tó wà fún pípa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́; ó sì ní irú ọpọlọ ẹ̀rọ pàtó tó fọwọ́ sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ojú rẹ̀ ṣì ń tàn, tí kò sì tíì bàjẹ́ níbì kankan, di ohun tí ẹni tó ṣe ètò rẹ̀ pa tì. Fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà, níbi tó jẹ́ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ń rà, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn ń gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí wọ́n pa Windows rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n sì fi Linux rọ́pò rẹ̀. Ní ojú lásán, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ṣùgbọ́n èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn tó lé ní ogójì ọdún ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán kan náà, àti pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìtàn náà dá lé: bí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ, ta ló ní àṣẹ lórí rẹ̀? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. A ó rí i pé ẹni tó bá ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹni yòówù kó san owó rẹ̀.

Ètò adarí ni a ó máa pe irú nǹkan tí Windows àti Linux jẹ́. Òun ni ètò tó ń gba ìṣàkóso nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, tí àwọn ètò yòókù sì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí Windows ṣe di ohun tó ń bá ẹ̀rọ wá

Ọdún 1975 ni Bill Gates àti Paul Allen dá iléeṣẹ́ Microsoft sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Èrèlè ọdún 1976, Gates kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà najú nígbà náà. Ó fẹ̀sùn olè kàn wọ́n, nítorí pé wọ́n ń ṣe àdàkọ ètò tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ láìsan kọ́bọ̀. Èrò tó wà nínú lẹ́tà yẹn ló wá fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn náà: pé ọjà ni ètò kọ̀ǹpútà, àti pé ẹni tó bá rà á, ìlò rẹ̀ nìkan ló rà, kò ra ètò náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde ní ọdún 1981, ètò Microsoft ló ń darí rẹ̀. Windows àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní oṣù Bélú ọdún 1985, ṣùgbọ́n ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní ọdún 1990 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kì í ṣe dídára rẹ̀ nìkan ló mú kó gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Microsoft bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ṣe àdéhùn pé iye ẹ̀rọ tí wọ́n bá kó jáde ni wọn yóò san owó lé lórí, ìbáà jẹ́ pé ètò Microsoft wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí. Nítorí náà, olùṣe kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ fi ètò ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò san owó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, Microsoft gbà ní oṣù Agẹmọ ọdún 1994 pé òun yóò jáwọ́ nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń ṣe bọ̀ ti di àṣà. Nígbà tí Windows 95 jáde ní oṣù Ògún ọdún 1995, ẹni tó bá lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, Windows ni yóò bá lórí rẹ̀, owó Windows náà yóò sì ti wà nínú iye tó san.

Àwọn tó wá ọ̀nà mìíràn

Ní nǹkan bí ọdún 1980, Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kan wá fún wọn, ṣùgbọ́n ìwé a máa há sínú rẹ̀. Stallman fẹ́ tún ètò ẹ̀rọ náà kọ kó lè máa ta àwọn tó ń lò ó lólobó bí ìwé bá há, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọn kò fún un ní àkọsílẹ̀ ètò náà, èyí tí àwọn tó kọ ọ́ kọ́kọ́ kọ, tí ènìyàn lè kà. Ohun tó rí kọ́ nínú èyí ni pé ẹni tí kò bá lè ka ètò tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè tún un ṣe, ẹni tí kò sì lè tún nǹkan rẹ̀ ṣe, ó ti di ẹni tó ń tọrọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1983, ó kéde pé òun yóò kọ odindi ètò adarí tuntun tí yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní GNU. Ní ọdún 1989 ni ìwé àṣẹ ìlò tí wọ́n ń pè ní GPL jáde. Ìwé yìí fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti lo ètò bó ṣe wù ú, láti ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ kó sì yí i padà, láti pín in fún ẹlòmíràn, àti láti pín èyí tó ti yí padà pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo tó dè mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá pín in kò gbọdọ̀ du ẹni tó gbà á ní ẹ̀tọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ.

Títí di ọdún 1991, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà GNU ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀, ìyẹn apá tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní tààràtà, kò tíì dúró. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló pèsè èyí tó kù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ògún ọdún náà, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń kọ ètò adarí kan, pé eré ìdárayá lásán ni. Ní ọdún 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé ti ń tún un ṣe, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 1993, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Slackware àti Debian, tí wọ́n kó ọkàn yìí àti àwọn ètò GNU pọ̀ sójú kan kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó jinlẹ̀ lè gbìyànjú rẹ̀.

Ohun tó mú ti alágbèéká le

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè yọ ẹ̀yà tí kò bá bá Linux mu, kó sì fi òmíràn sí i. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí olùṣe rẹ̀ bá dè mọ́ inú rẹ̀ ni ènìyàn yóò máa lò. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ alágbèéká ló ní módẹ̀mù tí kò lè dá ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé Windows ló ń bá a ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ Windows kúrò, módẹ̀mù náà di òkú. Nígbà tí Wi-Fi dé, irú ìṣòro kan náà ló bá a wá: àwọn tó ṣe é kọ ètò tó ń darí rẹ̀ fún Windows nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Àìmáasùn ẹ̀rọ nígbà tí a bá pa ìdérí rẹ̀ dé, àti àìjí rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i, tún jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ìwé àdéhùn Windows ìgbà náà sọ pé ẹni tí kò bá fara mọ́ àdéhùn lè dá ètò náà padà, kó sì gba owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Èrèlè ọdún 1999, àwọn olùlò Linux wọ́ lọ sí ọ́fíìsì Microsoft ní ìpínlẹ̀ California láti béèrè owó Windows tí wọ́n rà mọ́ ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí wọn kò lò. Wọn kò rí owó gbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọn. Bí a bá fi ojú owó nìkan wo ìrìn yẹn, asán ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn gbangba pé ohun tí gbogbo ayé gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ̀rọ àti ètò adarí rẹ̀, ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí ọ̀nà ṣe là, àti bí wọ́n ṣe tún gbé ìlẹ̀kùn sí i

Ètò KDE tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996 àti GNOME tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997 fún Linux ní ojú tó rọrùn, tí ènìyàn fi lè máa tọ́ka sí àwòrán dípò kó máa tẹ àṣẹ. Ní ọdún 2000, Klaus Knopper ti ilẹ̀ Jámánì gbé Knoppix jáde, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti inú sídì láìfọwọ́ kan Windows tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù lè kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004 ni Ubuntu jáde, tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, dá sílẹ̀. Inú èdè Súlú àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Títí di ọdún 2011, wọ́n ń fi sídì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè káàkiri àgbáyé, èyí tó ṣe pàtàkì fún ilẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n.

Ní ọdún 2012, Windows 8 mú ìlẹ̀kùn tuntun kan wá, tí wọ́n ń pè ní Secure Boot. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ètò tí ẹni tó ṣeé fọkàn tán bá fọwọ́ sí nìkan ni ẹ̀rọ yóò jẹ́ kó jí. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe irọ́, nítorí àwọn ètò burúkú kan wà tí wọ́n máa ń jí ṣáájú ètò adarí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ Microsoft ni àwọn olùṣe kọ̀ǹpútà fi sínú ẹ̀rọ. Kí ọ̀nà má baà dí pátápátá, àwọn oní-Linux ní láti gba ìfọwọ́sí Microsoft sórí ìwọ̀nba ètò kékeré kan tó ń ṣílẹ̀kùn fún Linux. Ẹni tó ń kó jáde nílé ṣì ní láti gba ìwé lọ́wọ́ onílé tó ń kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ alágbèéká, oní-ẹ̀rọ lè pa ìlẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà, kò lè pa á.

Èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí

Àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá ti mọ irú ìyà yìí tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1990, fọ́ǹtì àdáni ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí a bá gbé iṣẹ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, ọ̀rọ̀ yóò di jágbajàgba. Ìlànà Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991 tí Linux bẹ̀rẹ̀, ló wá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀, bí ẹ́ àti ọ̀, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní odindi. A ní láti to àmì mọ́ lẹ́tà.

A kò gbọdọ̀ sọ pé Microsoft kò ṣe nǹkan kan. Àtẹ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows. Nínú Linux náà, àtẹ Nàìjíríà wà, pẹ̀lú ẹ̀ka fún Yorùbá, Ìgbò àti Hausa. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí àtẹ náà kò bá tẹ́ wa lọ́rùn. Ti Linux, àkọsílẹ̀ tó ṣeé kà ni: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe ní Ìbàdàn lè tún un ṣe, kó sì fi ránṣẹ́ kó wọ inú èyí tí gbogbo ayé ń lò. Ti Windows, a lè ṣe àtẹ tiwa sórí ẹ̀rọ tiwa, ṣùgbọ́n èyí tó ń bá Windows wá, a ó bẹ̀bẹ̀ ni.

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣí lọ yóò rò

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó fẹ́ fi Linux sórí alágbèéká rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Yóò gbé Linux sórí fláàṣì, yóò tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì náà, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Wi-Fi, ohùn àti ojú ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó pinnu bóyá kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé, tàbí kí Windows jáde pátápátá. Ó yẹ kó mọ̀ pé kò sí Microsoft Office tàbí Photoshop tí wọ́n kọ fún Linux. LibreOffice yóò ṣí ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi Office kọ, ṣùgbọ́n ìtò rẹ̀ lè yí padà díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi bó bá dúró síbi tó wà.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí kò tíì parí, kò sì gún régé bí ọ̀pá ìbọn. Ní ọdún 2016, Microsoft fúnra rẹ̀ fún Linux láàyè nínú Windows 10. Ọkàn Linux kan náà ló sì wà nínú Android, tó ń darí ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lápò wa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù wọ̀nyí ni olùṣe wọn ti tì pa, tí oní-nǹkan kò lè yí ètò rẹ̀ padà. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé orúkọ Linux nìkan kì í fún ènìyàn ní àṣẹ. Ohun tó ń fún un ní àṣẹ ni ohun mẹ́ta tí ìtàn yìí ti tò sílẹ̀: àkọsílẹ̀ tó ṣeé kà, ìwé tó fún un láyè láti yí i padà, àti ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbèéká tòkunbọ̀ tí a pa tì ní ọdún 2025 lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, owó ẹ̀rọ la san. Ẹlòmíràn ló ni ín.