Ipa Àwọn Olórin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lórí Àwo Orin Ìbílẹ̀ Swídìn, 1964 sí 1985

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Bí ẹnì kan bá kọ orin baba rẹ̀, ní èdè baba rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó kọ́ ọgbọ́n bí a ṣe ń fi ohun èlò gbè é lọ́dọ̀ àlejò, ta ni ó ni orin náà? Ní ilẹ̀ Swídìn, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nígbà tí ẹgbẹ́ ABBA gba ipò kìíní nínú ìdíje orin Eurovision ní Brighton ní 1974, tí ìdíje náà sì di ti Stockholm ní 1975, àwọn ọ̀dọ́ tí ó kórìíra orin tí a ń tìtorí owó ṣe ṣètò àjọ̀dún tiwọn ní ìlú kan náà láti takò ó. Orin ìbílẹ̀ wà lára ohun tí ìran yìí gbé lárugẹ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ́tí sí àwọn àwo kan tí wọ́n ṣe yóò gbọ́ ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn.

Kí á tó dájọ́, ó yẹ kí á mọ bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀. Fáólìnì, tí í ṣe ẹbí gòjé, ni olórí ohun èlò orin ìbílẹ̀ Swídìn. Ẹnì kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń ta á. Orin ìtàn àtijọ́, ní tirẹ̀, ohùn ẹnu nìkan ni a fi ń kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Geijer àti Afzelius bẹ̀rẹ̀ sí tẹ irú orin ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde ní 1814. Ayàwòrán Anders Zorn ṣètò ìdíje àwọn olórin ìbílẹ̀ ní Gesunda ní 1906. Láàárín 1922 sí 1940 ni a tẹ ìdìpọ̀ 24 ti *Svenska låtar* jáde, èyí tí ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ijó jọ. Orin kò parun. Ẹni tí yóò gbé e dé etí àwọn ọmọ ìgboro ni a ń wá.

Jan Johansson fi dùùrù gbìyànjú rẹ̀ nínú *Jazz på svenska* ní 1964, ọ̀dọ̀ àwọn oníjáàsì ni ó sì ti mú ọgbọ́n tirẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1969 ni Fairport Convention fi gìtá oníná àti ìlù kọ orin ìtàn àtijọ́ nínú *Liege & Lief*. Ní ọdún náà ni Ashley Hutchings kúrò lọ́dọ̀ wọn láti dá Steeleye Span sílẹ̀. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi hàn ní Swídìn. Ẹgbẹ́ Kebnekajse ta orin ijó ìbílẹ̀ lórí gìtá oníná nínú àwo wọn kejì ní 1973. Carin Kjellman àti Ulf Gruvberg gbé *Med rötter i medeltiden* jáde ní 1974, àti *Folk och rackare* ní 1976. Orúkọ àwo kejì yìí ni ó di orúkọ ẹgbẹ́ wọn, tí àwọn ará Nọ́wè méjì dara pọ̀ mọ́, tí ó sì ń ṣe àwo títí dé *Rackbag* ní 1985. Ní etí tèmi, bí gìtá ṣe ń gbe ohùn obìnrin nínú àwọn àwo wọ̀nyí, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ti Pentangle àti Steeleye Span.

Ṣé àfarawé lásán wá ni? Èrò tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Francis James Child, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, tẹ orin ìtàn 305 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì jáde láàárín 1882 sí 1898, ó sì fi ti Swídìn àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ wé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìkẹwàá nínú wọn ni ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò: ẹ̀gbọ́n ti àbúrò rẹ̀ sómi nítorí ọkùnrin; a fi egungun tàbí irun òkú náà ṣe ohun èlò orin, ohun èlò náà sì tú àṣírí apànìyàn. Orin yìí ni Pentangle kọ ní 1970 nínú *Cruel Sister*. Àwọn ará Swídìn náà ní i. *De två systrarna* ni wọ́n ń pè é. Ohun tí a jọ jogún kì í ṣe ohun àyálò.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Polska jẹ́ ijó oníṣísẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ní àwọn àdúgbò kan, ìṣísẹ̀ mẹ́ta náà kì í dọ́gba: ọ̀kan a máa gùn, òmíràn a máa kúrú. Ìlù àti gìtá tí ń lọ ní ìdọ́gba lè tẹ́ ìyàtọ̀ yìí pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọrin tí ó dá orin ìtàn kọ lè fa ọ̀rọ̀ gùn bí ó ti wù ú. Bí gìtá bá ti dé, ó di dandan kí ó dúró de gìtá.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọ̀nà àti ìgboyà ni àwọn olórin Swídìn rí gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè, ìtàn àti orin wà nílé tẹ́lẹ̀, nínú ìwé àti lẹ́nu àgbà. Bí àwọn tí ó kọ wọ́n sílẹ̀ kò bá ṣe iṣẹ́ wọn, gìtá tí a yá kì bá tí rí orin gbè. Nítorí náà, kí òpìtàn tí ó bá ń yẹ irú àwo wọ̀nyí wò má ṣe béèrè ẹni tí a yá gìtá lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Kí ó béèrè ohun tí gìtá náà bá nílé, àti ohun tí ó tì sẹ́yìn kí ó tó ráyè jókòó.