Ìbejì tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan nínú wọn: ṣé Lou Whitaker yẹ lẹ́ni tó ń wọ Cooperstown?

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la sábà máa ń jiyàn lé lórí, àmọ́ lónìí ẹ jẹ́ ká yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀, ká gbé ẹjọ́ kan yẹ̀ wò. Ẹjọ́ Lou Whitaker ni, ẹni tó fi eré béésìbọ́ọ̀lù jẹun fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìbéèrè wa ò gùn: ṣé ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nílé àwọn akọni eré náà, àbí kò yẹ?

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York, ni ilé náà wà. Lọ́dún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan àwọn tó máa wọ ibẹ̀, wọ́n sì ṣí ilé náà fúnra rẹ̀ lọ́dún 1939. Ẹni tó bá wọlé, wọ́n á ya ojú rẹ̀ sára idẹ, wọ́n á kọ iṣẹ́ tó ṣe sábẹ́ rẹ̀. Kò sí iyì tó jùyẹn lọ fún eléré béésìbọ́ọ̀lù.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì á fi igi gbá a, á wá máa sáré láti béèsì kan dé òmíì títí á fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń kà sí ayò kan. Whitaker ló ń ṣọ́ béèsì kejì fún Detroit Tigers. Alan Trammell ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ṣọ́ àárín béèsì kejì àti ìkẹta.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn rèé. Ọjọ́ kan náà, 9 September 1977, làwọn méjèèjì kọ́kọ́ wọ pápá ní líìgì ńlá. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tó dàgbà ní Martinsville ní Virginia, èkejì jẹ́ òyìnbó láti California. Látọjọ́ náà títí di 1995, eré 1,918 ni wọ́n jọ ṣe. Bọ́ọ̀lù á yí nílẹ̀, ọ̀kan á gbá a mú, á sọ ọ́ sí èkejì láìwojú ara wọn. Táíwò àti Kẹ́hìndé gan-an ni. Lọ́dún 1984, ẹgbẹ́ wọn borí nínú eré márùndínlógójì nínú ogójì àkọ́kọ́, wọ́n sì gba ife àgbáyé wọn lọ́wọ́ San Diego.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Whitaker gbá bọ́ọ̀lù tó gbé e dé béèsì ní ìgbà 2,369, Trammell gbá 2,365. Èyí tó fò kọjá ògiri, 244 ni ti Whitaker, 185 ni ti Trammell. Lọ́dún 2018, Trammell wọ Cooperstown. Whitaker jókòó láàárín èrò, ó ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Trammell fúnra rẹ̀ sọ níbẹ̀ pé òun ń retí ọjọ́ tí Whitaker náà máa dúró síbi tóun dúró sí.

Kí ló wá fà á? Àwọn oníròyìn eré ìdárayá ló kọ́kọ́ ń dìbò. Ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lèèyàn nílò kó tó wọlé. Ẹni tí ò bá rí ìdá márùn-ún, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pátápátá. Lọ́dún 2001, ìbò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Whitaker rí nínú 515. Ó tán nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ka orúkọ rẹ̀. Ti Trammell ò pé rárá, àmọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni orúkọ rẹ̀ fi wà lórí ìwé ìbò, àwọn èèyàn sì ń rí àyè jíròrò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ mìíì ló padà yàn án.

A ò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Àwọn tó ní kò yẹ ní ẹnu ọ̀rọ̀. Whitaker ò gba àmì ẹ̀yẹ eléré tó peregedé jù lọ lọ́dún kankan rí. Nígbà tó dàgbà, olùkọ́ máa ń fi í jókòó bí ẹni tó ń fọwọ́ òsì jù bá wà lórí pápá. Ẹ fi í wé Ryne Sandberg, tóun náà ṣọ́ béèsì kejì, tó sì wọlé lọ́dún 2005: Sandberg gba àmì ẹ̀yẹ yẹn lọ́dún 1984, ó sì gba ti ẹni tó mọ pápá ṣọ́ ní ìgbà mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ni ti Whitaker.

Àmọ́ ohun kan wà tójú ò tètè rí. Bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá jù ú gba ibi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ẹni tó di igi mú sì ní sùúrù tí kò fọwọ́ kàn án, ọ̀fẹ́ ló máa dé béèsì. Whitaker rí irú rẹ̀ gbà ní ìgbà 1,197. Sandberg rí 761. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, Whitaker dé béèsì ní bí ìgbà mẹ́rìndínlógójì, Sandberg ní bíi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó ní sùúrù kì í dá ariwo sílẹ̀, ìyẹn ni wọn ò ṣe kà á lọ́jọ́ tí wọ́n ń dìbò. Lónìí, àwọn oníṣirò Baseball-Reference ti ro gbogbo iṣẹ́ pọ̀, wọ́n fún Whitaker ní 75, Sandberg ní 68, Trammell ní 71.

Nítorí náà, ìdájọ́ tiwa ni pé ó yẹ. Bí Trammell bá tó o wọlé, kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ pé Whitaker ò tó o.

Ní December 2019, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Méjìlá ló nílò, mẹ́fà ló rí. Ní 2022, wọn ò tiẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sórí ìwé. Ohun tó ń dùn wá nìyí: Ron Santo kú ní December 2010, ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n yàn án. Dick Allen kú ní December 2020, ó di December 2024 kí wọ́n tó yàn án. Ta ni wọ́n wá ń yìn? Òkú ò gbọ́ àtẹ́wọ́.

Ọdún 1957 ni wọ́n bí Whitaker, ó ṣì ń bẹ láyé. Yìnni yìnni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn, làwọn bàbá wa wí. Nínú ẹgbẹ́ tiwa náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìpariwo ńkọ́, ta ló ń ka tiẹ̀? Ẹ dá a lóhùn o. Ire o.