Èémí Inú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń tẹ́tí sí wa, ẹ jẹ́ kí a padà sí oṣù Sẹ́pẹ́ńbà ọdún 1918. Ní oṣù náà ni ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àìsàn influẹ́ńsà, tí ó ń pa ènìyàn káàkiri ayé nígbà náà, wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ikú dé, ọ̀pọ̀ ará Èkó sá. Àwọn kan gba ojú ọ̀sà lọ. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó. Ojú irin yìí, tí ó ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, gba Ẹbúté Mẹ́ta, Yábà àti Múṣin kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni àìsàn ń bá èrò sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó rò pé òun ń sá fún ikú ni ó ń gbé e lọ sí ilé ìyá rẹ̀, kò sì mọ̀. Ìṣirò àwọn òpìtàn ni pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà.

Ẹ má bá wọn wí. Àwọn dókítà pàápàá kò tíì mọ ohun tí ó fà á. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì náà lára ènìyàn.

Lónìí, a mọ̀. Bí aláìsàn bá wúkọ́, àní bí ó bá sọ̀rọ̀ lásán, ẹ̀kán omi tíntìntín ń bá èémí rẹ̀ jáde. Èyí tí ó tóbi yóò bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Èyí tí ó kéré yóò máa rá bàbà bí èéfín. Ẹ rántí ilé ìdáná: bí ẹ bá tì í pa, èéfín a kún un, bí ẹ bá ṣí i, èéfín a bá afẹ́fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ èrò rí. Bí òjò bá dé, tí a ti gbogbo fèrèsé danfo, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá a dúró ní Ojúẹlẹ́gba, èémí ẹnìkan ni gbogbo èrò ń fà símú.

Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2020, ilé ìwòsàn àrùn tí ń ràn ní Yábà, àdúgbò tí ọkọ̀ ojú irin ọdún 1918 gbà kọjá, ni a gbé ẹni àkọ́kọ́ tí a rí àrùn Kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ. Nígbà tí a dẹ ìsémọ́lé lójú ní oṣù Máàyì, ìjọba Èkó pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn 10 má ṣe gbé ju 6 lọ, kí olúkúlùkù sì wọ ìbòmú.

A kò lè sá fún ọkọ̀. Ọjà àti iṣẹ́ ń dúró dè wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ń wúkọ́, ẹ dúró sílé; bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ bo imú àti ẹnu yín. Bí ẹ bá sì wọ ọkọ̀ láti Múṣin lọ sí Sùúrùlérè, ẹ ṣí fèrèsé. Bí òjò bá tilẹ̀ ta sí yín lápá, aṣọ yóò gbẹ.