Bí Ìjọba Amẹ́ríkà Ṣe Ń Náwó Lórí Ìmúrasílẹ̀ Ọ̀dọ́ Aláàbọ̀ Ara fún Iṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran, tàbí èyí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, tàbí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, àánú ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ìbéèrè mìíràn fi ń yọjú: ta ni yóò san owó tí ọmọ náà yóò fi kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa jẹ? Ó yẹ kí àwa olùkọ́ mọ ìtàn bí ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe ń dáhùn ìbéèrè yìí láti ọdún 1920, nítorí pé ohun tí ó le jù nínú rẹ̀ kì í ṣe owó bí kò ṣe èrò ọkàn ẹni tí ń pín owó náà.

Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó bí ètò yìí. Ní ọdún 1918 Ilé Aṣòfin ṣe òfin láti kọ́ àwọn ọmọ ogun tí wọ́n farapa ní iṣẹ́ mìíràn. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, ẹni tí ẹ̀rọ gé lápá ní ilé iṣẹ́, ṣé òun kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni? Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1920, Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní Smith-Fess. Wilson fúnra rẹ̀ ti di aláàbọ̀ ara nígbà náà, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú ní oṣù kẹwàá ọdún 1919, ó sì ti mú un ní apá òsì. Síbẹ̀ orí oyè ni ó wà títí sáà rẹ̀ fi pé ní ọdún 1921.

Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 750,000 dọ́là, ó sì di mílíọ̀nù kan dọ́là ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Dọ́là kan tí ìpínlẹ̀ bá mú wá, ìjọba àpapọ̀ yóò fi dọ́là kan lé e. A lè fi owó náà kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́, a lè fi gbà á ní ìmọ̀ràn, a sì lè fi bá a wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi tọ́jú ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí àbùkù wà ní ara rẹ̀ nìkan ni òfin náà mọ̀, tí ó sì ti dàgbà tó láti ṣiṣẹ́. Iye ènìyàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà bá rí iṣẹ́ fún ni a sì fi ń wọn iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ tí a ti fi èsì ìdánwò wọ̀n rí mọ ohun tí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń ṣe: ẹni tí ó rọrùn láti ràn lọ́wọ́ ni a kọ́kọ́ ń mú.

Ní ọdún 1935 wọ́n sọ ètò náà di èyí tí kò ní òpin mọ́. Ní ọdún 1943, nígbà tí ogun kejì ti kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ tí àwọn ilé iṣẹ́ sì ń wá òṣìṣẹ́, ni Ilé Aṣòfin wá rántí pé àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀ àti àwọn tí òye wọn kò tètè yá náà lè ṣiṣẹ́, wọ́n sì fàyè gba owó ìtọ́jú ara pẹ̀lú. Arábìnrin Mary Switzer, ẹni tí ó di olórí ètò náà ní ọdún 1950, ni ó là á yé àwọn aṣòfin pé ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ yóò máa san owó orí, kò sì ní í máa gba owó ìrànwọ́ mọ́. Òfin ọdún 1954 fi owó kún ti àtẹ̀yìnwá, ó sì jẹ́ kí àwọn yunifásítì máa kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí ni olùdámọ̀ràn náà ń wí fún ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Judith Heumann, ọmọ Brooklyn ní ìlú New York. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ewu ni bí iná bá ṣẹ́. Títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ilé ni olùkọ́ ti ń wá kọ́ ọ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ sí yunifásítì, owó ètò tí à ń sọ yìí ni yóò lò, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì wà ní ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, nítorí pé iṣẹ́ tí aláàbọ̀ ara bíi tirẹ̀ bá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọn yóò san owó rẹ̀, kò sì sí olùkọ́ tí ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ rìn. Nítorí náà ó ní iṣẹ́ títọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún ni òun fẹ́ kọ́. Wọ́n sanwó; ó sì rọra kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn.

Ní ọdún 1970 ó yege nínú ìdánwò àwọn olùkọ́, àfi ti dókítà. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà kò fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ. Bí a bá wò ó fín, ìjọba ti náwó lórí obìnrin yìí, ẹ̀ka ìjọba mìíràn sì fẹ́ sọ owó náà di òfo.

Irú ìtakora yìí ni òfin ọdún 1973 fẹ́ wò sàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ààrẹ Nixon kọ̀ láti fọwọ́ sí i kí ó tó gbà. Ó pàṣẹ pé àwọn tí àbùkù wọn wúwo jù ni kí a kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Ọdún mẹ́rin kọjá láìsí ìlànà tí a ó fi mú àṣẹ yìí ṣẹ. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1977, ó lé ní ọgọ́rùn-ún aláàbọ̀ ara àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n wọ ilé ìjọba kan ní San Francisco, wọ́n sì sùn síbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Heumann wà lára àwọn aṣáájú wọn. Kí oṣù náà tó parí ni a fọwọ́ sí ìlànà náà. Láti ọdún 1993 títí di 2001, obìnrin kan náà yìí ni ìjọba fi ṣe olórí ọ́fíìsì tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara àti owó ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ papọ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n owó náà pẹ́ kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1990 ní kí olùkọ́ àti òbí ti máa gbìmọ̀ nípa iṣẹ́ ọmọ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ó di ọdún 2014 ni òfin wá pàṣẹ pé ìdá 15 nínú 100 owó tí ìjọba àpapọ̀ bá fún ìpínlẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́: láti fi oríṣiríṣi iṣẹ́ hàn wọ́n, láti mú wọn dé ẹnu iṣẹ́ gan-an, láti gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ gíga, láti kọ́ wọn ní ìwà ibi iṣẹ́, àti láti kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa gbẹnu sọ fún ara wọn. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni Heumann ìbá ti nílò jù lọ.

Ní ilẹ̀ wa, òfin tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, ó sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba sapá kí ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara. Lẹ́yìn òfin yìí ni mo ṣe àbẹ̀wò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní í dárúkọ. Mo rí ìwé ọmọbìnrin adití kan tí ó fẹ́ jáde. Máàkì rẹ̀ dára, pàápàá nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ iṣẹ́ tí ó yẹ ọmọ náà sí, ìlà gbọọrọ kan ni ó fà síbẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí adití tí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú náà rí.